Ohun Tí Ajá Ń Gbọ́ Lára Wa

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń rò ó lọ́wọ́ pé iṣẹ́ wo ni kí ẹ fi ayé yín ṣe, ẹ jẹ́ kí n bá yín jókòó díẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ṣe kò sí lára àwọn tí òbí ń gbàdúrà lé ọmọ lórí. Mi ò tíì gbọ́ ìyá kan tó gbé ọmọ jòjòló sókè kó ní, "Olúwa, jẹ́ kí ọmọ mi di olùkọ́ ajá." Síbẹ̀ iṣẹ́ náà ni mo ṣe láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi kò tíì hù títí tó fi funfun báyìí, láàárín Agége àti Ìkẹjà. Òun ló kọ́ ilé tí mo ń gbé, òun náà ló rán àwọn ọmọ mi lọ sílé ìwé. Muìdéènì Àjàó ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé àdúgbò wa nítòsí Abúlé Ẹ̀gbá tí ẹ ń béèrè Muìdéènì, wọn óò kàn máa wò yín ni. Bàbá Alájá ni kí ẹ béèrè.

Ohun tí àwọn èèyàn máa ń bi mí jù ni pé ṣé lóòótọ́ ni ajá gbọ́n, ṣé ó mọ ohun tí ẹni tó ni ín ń sọ. Ìdáhùn mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó sàn kí n sọ bí mo ṣe mọ ohun tí mo mọ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń ṣòwò irin àlòkù ní Agége, ló mú mi wá sí Èkó. Irin ni wọ́n fẹ́ kí n máa gbé, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ wọn kan sọ pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa gbálẹ̀ ní ọgbà kan ní Àgídìngbì, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ajá fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Mo lọ, wọ́n gbà mí. Owó tí wọ́n ń san nígbà náà, ẹ jẹ́ ká bò ó láṣírí.

Nígbà yẹn, kò sí ilé iṣẹ́ tó níyì ní agbègbè Ìkẹjà tí kò ní ajá lẹ́nu géètì. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ láti apá kan, òórùn bisikíìtì tó ń jinná ni à ń gbọ́. Bó bá yí padà, òórùn ọ̀dà àti ọṣẹ. Àwọn ajá wa mọ gbogbo òórùn wọ̀nyí ju àwa lọ. Wọ́n mọ ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pààrọ̀ ara wọn, wọ́n mọ ọkọ̀ tó wá kó ẹrù àti èyí tó kàn fẹ́ yà lójú ọ̀nà.

Ọ̀gá Fọlọ́runṣọ́ ni ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, sójà tó ti fẹ̀yìn tì, ajá ni wọ́n sì tọ́jú ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Wọ́n ga, wọ́n tín-ín-rín, wọ́n sì máa ń lọ aṣọ kakí wọn débi pé bí eṣinṣin bá bà lé ojú ìlọ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gé. Wọn kì í rẹ́rìn-ín. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, wọ́n nawọ́ sí àpótí onígi kan, wọ́n sì nawọ́ sí ajá Jámánì dúdú ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Gbájúmọ̀.

Wọ́n ní, "Gbé àpótí yẹn lọ síwájú ilé rẹ̀, kí o jókòó. Má fọwọ́ kàn án. Má bá a sọ̀rọ̀. Bí mo bá dé, sọ ohun tó sọ fún mi."

Mo jókòó. Oòrùn mú mi. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n bi mí pé, "Kí ló sọ?"

Mo ní, "Ọ̀gá, kò gbó rárá."

"Ṣé mo bi ọ́ bóyá ó gbó ni? Kí ló sọ?"

Wọ́n ní kí n padà lọ jókòó. Báyìí la ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́, lẹ́yìn tí mo bá gbálẹ̀ tán, títí tí àpótí náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ìdí mi. Mo ti ń rò ó pé ọkùnrin yìí kàn fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín ni. Ṣùgbọ́n ojú tó bá ń wo nǹkan kan ṣáá, bó pẹ́ bó yá, yóò rí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ìrù tó ń jù kì í ṣe ayọ̀ ní gbogbo ìgbà. Bó bá le gan-an tó wà lókè, ìkìlọ̀ ni. Mo rí i pé bí ẹnikẹ́ni bá ń jágbe nítòsí, Gbájúmọ̀ á lá ètè rẹ̀ bí ẹni tó jẹun tán, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ nǹkan kan. Àyà rẹ̀ ló ń já. Mo rí i pé ajá máa ń yán láìjẹ́ pé oorun ń kùn ún. Etí rẹ̀ kan lè wà lọ́dọ̀ mi kí ìkejì wà lẹ́nu géètì.

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gá dé, wọ́n sì béèrè bí ìṣe wọn. Mo ní, "Ọ̀gá, ó ní ẹni tó ń bọ̀ ní géètì kì í ṣe àlejò, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ràn rẹ̀."

Kò pẹ́ tí géètì fi ṣí. Dókítà ẹranko tó máa ń gún àwọn ajá lábẹ́rẹ́ ló wọlé, àpò rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀gá wo dókítà, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Gbé àpótí yẹn kúrò nílẹ̀." Gbogbo ìyìn tí mo gbà nìyẹn. Mo sì fi ayọ̀ rẹ̀ sùn.

Wọ́n le púpọ̀. A jọ ń kọ́ṣẹ́ ni, èmi àti Káyọ̀dé, ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tiwọn. Káyọ̀dé máa ń kọrin bó bá ń fọ abọ́ ajá, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń kọjá ògiri. Lọ́jọ́ kan ó ń fi okùn wọ́ ajá kan nítorí ó ń yára. Ọ̀gá rí i. Wọ́n tú okùn náà lọ́rùn ajá, wọ́n so ó mọ́ ìdí Káyọ̀dé, wọ́n sì fà á yí ọgbà ká gẹ́gẹ́ bó ṣe fa ajá. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n bi í pé kí ló kọ́. Káyọ̀dé ní, "Ọ̀gá, mo kọ́ pé ẹni tí wọ́n ń wọ́ kì í rí ọ̀nà." Wọ́n tú u sílẹ̀. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín rẹ̀ títí tí iṣẹ́ fi parí, ṣùgbọ́n a dúró kí wọ́n kọ́kọ́ lọ.

Bí a bá sì ti pa òwe pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, Ọ̀gá á ní, "Ẹ kọ́kọ́ bi ọdẹ bó ṣe fọn ọ́n."

Káyọ̀dé ló kọ́kọ́ là mí lójú sí bí Gbájúmọ̀ ṣe gbọ́n tó. Bí mo bá fẹ́ lọ pọn omi, ẹnu ọ̀nà tí mo ń gbà lọ sílé náà ni mo máa ń gbà jáde, Gbájúmọ̀ á sì dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ilé ni mò ń lọ, á dìde, á tẹ̀ lé mi dé ibi tí okùn rẹ̀ mọ. Mo ní ajá yìí ń wo agogo ni. Káyọ̀dé ṣọ́ mi dáadáa, ó wá ní, "Muìdéènì, ó máa ń rí ọ nígbà tí o bá ń fọwọ́ kan àpò rẹ. O máa ń yẹ kọ́kọ́rọ́ rẹ wò kí o tó lọ sílé, o kò kàn mọ̀ ni." Ìyanu gbáà ló jẹ́ fún mi. Èmi tí mo ni ọwọ́ kò mọ ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe. Ajá mọ̀ ọ́n.

Nílé ẹ̀gbọ́n bàbá mi, nǹkan kò rọgbọ. Mùsùlùmí ni wá, itọ́ ajá sì jẹ́ ohun tí à ń sá fún. Wọ́n ya abọ́ mi sọ́tọ̀. Wọn kì í fẹ́ kí n sún mọ́ ẹní ìkírun. Ó dùn mí, mo sì lọ bá ààfáà àdúgbò wa láti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ bí wọ́n bá ní kí n fi í sílẹ̀. Ààfáà náà bi mí pé, "Kí ni àwọn ajá náà ń ṣe?" Mo ní wọ́n ń ṣọ́ dúkìá ni. Ààfáà ní, "Ajá ìṣọ́ kì í ṣe èèwọ̀. Wẹ ara rẹ bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀, ní aṣọ iṣẹ́, ní aṣọ ìrun, má sì jẹ́ kí ọ̀kan kan èkejì. Ẹ̀mí tí Ọlọ́run dá, má fìyà jẹ ẹ́." Wọ́n tẹ̀ lé mi wá sílé, wọ́n sì tún un sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Láti ọjọ́ náà, ààlà yẹn kò yẹ̀ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo fẹ́ Ràmọ́tà aya mi, okùn ìsáṣọ méjì ni mo kọ́kọ́ ta sẹ́yìn ilé kí n tó ra bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìbànújẹ́ wàyí.

Ògiri kan ló pààlà ọgbà wa àti ilé iṣẹ́ kan. Lẹ́yìn ògiri náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ti máa ń jẹun ọ̀sán, eegun tí wọ́n bá sì jù sílẹ̀ máa ń kó ajá ìgboro jọ. Àgbàrá òjò ti jẹ ẹsẹ̀ ògiri náà níbì kan. Ibẹ̀ ni ajá ìgboro kan gbà wọlé, tó sì kọlu Gbájúmọ̀. A lé e lọ, a fọ ojú ọgbẹ́ Gbájúmọ̀, ó sì jinná. Ọkàn wa balẹ̀ nítorí a ti gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. A kò mọ̀ pé iná tí kì í dúró ti ba abẹ́rẹ́ náà jẹ́ nínú fíríìjì kó tó dé ara rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Gbájúmọ̀ kọ oúnjẹ. Ó lọ ká ara rẹ̀ jọ sí igun tó ṣókùnkùn jù nínú ilé rẹ̀. Ohùn rẹ̀ há. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo pè é. Ó gbójú sókè, ó wò mí, kò sì mọ̀ mí. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú ẹni tó ṣarán yóò mọ irú ojú tí mò ń wí. Ajá tó mọ ìgbà tí mo bá fẹ́ lọ sílé ń wò mí bí ẹni ń wo ògiri. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, itọ́ ń dà níbẹ̀, bí ẹni pé nǹkan há a lọ́fun. Ọ̀gá kò tíì dé. Mo sáré lọ pe dókítà ẹranko.

Ìgbà tí mo lọ yẹn ni Káyọ̀dé wọlé tọ̀ ọ́. Ó rò pé eegun ló há a lọ́fun, bẹ́ẹ̀ ni ó sì jọ. Ó fọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀ láti yọ ọ́. Eyín ha á níka, ọgbẹ́ náà kò ju kí a fi abẹ́rẹ́ ha ni lára lọ.

Bí Ọ̀gá ṣe dé tí wọ́n rí ajá náà lókèèrè, wọ́n dúró sójú kan. Wọ́n ní, "Káyọ̀dé, jáde níbẹ̀. Rọra jáde." Èmi àti dókítà wọlé bá wọn bẹ́ẹ̀. Dókítà wò ó láti ẹ̀yìn irin, ó ní dìgbòlugi ni, kò sí oògùn. Ó gún un ní abẹ́rẹ́ tó fi sùn tí kò fi jí mọ́. Ọ̀gá kó wa jọ. Wọ́n bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan pé ta ló fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀. Mo ní èmi kọ́. Káyọ̀dé ní òun kọ́. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún èèyàn kí dìgbòlugi má bàa mú un wọ́n nígbà náà bí ojú. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ pé ajá ha òun nìkan ni wọ́n ń fún.

Kí ló dé tó fi sẹ́? Ọ̀gá ti kìlọ̀ tipẹ́ pé ẹni tó bá fọwọ́ bọ ẹnu ajá tó ń ṣàìsàn láìgbàṣẹ, kí ó máa lọ sílé. Káyọ̀dé ló ń bọ́ ìyá rẹ̀. Ó wo ọgbẹ́ kékeré yẹn, ó wo iṣẹ́, ó sì dákẹ́.

Ó lé ní oṣù kan kí àìsàn náà tó bẹ̀rẹ̀ lára Káyọ̀dé. Ó ní ọwọ́ ń ta òun. Ibà mú un. Wọ́n gbé omi fún un, ọ̀fun rẹ̀ kọ̀ ọ́. Mo lọ bá a nílé ìwòsàn, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Muìdéènì, mo fọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀. Mo rò pé eegun ni. Mi ò fẹ́ kó kú." Mi ò ní sọ ìyókù. Wọ́n ní ẹnu tí ajá fi ń bá ọmọ rẹ̀ ṣeré náà ló fi ń gé e jẹ, ṣùgbọ́n mi ò lè di ẹ̀bi ru Gbájúmọ̀. Kò sí nínú ara rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, èmi àti Ọ̀gá la jọ lọ sí Ìjẹ̀bú lọ bá ìyá Káyọ̀dé. Ọkùnrin tí mi ò rí kó tẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyẹ̀pẹ̀, tòun ti aṣọ kakí. Wọ́n ní, "Ìyá, mo kọ́ àwọn ajá mi láti má ṣe bẹ̀rù mi. Ọmọ yín ni mo kọ́ láti bẹ̀rù mi." Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan Ọ̀gá léjìká. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ẹ dìde. Ó máa ń sọ̀rọ̀ yín bí ẹni ń sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀."

Láti ìgbà náà, òfin àkọ́kọ́ nínú ọgbà wa yí padà: ẹni tí ajá bá bù jẹ, tàbí tó kàn ha lára, kó kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ dáadáa, kó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kó lọ sílé ìwòsàn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bá a wí. Ẹ̀yin tí ẹ máa di ọ̀gá lọ́la, iṣẹ́ yòówù kó jẹ́, ẹ gba èyí lọ́wọ́ mi: bí ọmọ iṣẹ́ yín kò bá lè fi ọgbẹ́ hàn yín, ẹ kò tíì kọ́ ọ níṣẹ́.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá darúgbó, wọ́n padà sílé. Mo di olórí níbẹ̀, mo sì dá tèmi sílẹ̀ ní Agége nígbà tó ṣe. Ayé yí. Àwọn ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ti géètì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Òmíràn di ilé ìjọsìn, òmíràn di ibi ìkẹ́rùsí. Àwọn tó ṣẹ́kù gbé kámẹ́rà kọ́ sórí ògiri. Kámẹ́rà kì í jẹun, kì í sì í ṣàìsàn. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Àṣé àwọn tó ń gbé inú ilé ni yóò wá mi. Ní Òpébì, ní Àgídìngbì, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sin ajá fún ìfẹ́ lásán, àwọn ajá kéékèèké onírun tí mi ò mọ iwájú wọn yàtọ̀ sẹ́yìn níjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ni wọ́n fẹ́ràn wọn, wọn ò kàn gbọ́ èdè ara wọn ni.

Irinṣẹ́ náà yí. Ẹ̀wọ̀n tó ń fún ọrùn la fi ń kọ́ ajá nígbà ti Ọ̀gá, àti fèrè. Nígbà tó yá a gbé ẹ̀wọ̀n sílẹ̀, a mú bẹ́líìtì tó ń di àyà. Ẹ̀dọ̀ màálù bíbọ̀ tí a gé wẹ́wẹ́ sápò wá di olórí irinṣẹ́ mi; aṣọ iṣẹ́ mi ń run ẹ̀dọ̀, Ràmọ́tà ń ráhùn. Wọ́n tún gbé ohun kékeré kan dé tí èèyàn ń fi àtàǹpàkò tẹ̀, tí ń dún "kà," láti sọ fún ajá pé ohun tó ṣe yẹn gan-an ló dára. Mo kọ̀ ọ́ níbẹ̀rẹ̀. Mo ní mo ní ẹnu. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ń bínú nígbà mìíràn, ó sì ń rẹ̀ ẹ́. Ohun kékeré yẹn kì í bínú. Mo gbà á. Fídíò orí fóònù ni mo wá fẹ́ràn jù. Bí a bá yà á tí a sì dá a padà díẹ̀díẹ̀, èèyàn á rí ohun tí ojú lásán fò dá.

Fídíò yìí ló sì wúlò fún mi nínú ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n mọ̀ pé mi ò fi ayé mi ṣòfò.

Obìnrin kan pè mí láti Òpébì, Fúnmiláyọ̀ lorúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Bàbá Adéṣínà, ti fìgbà kan ní ilé ìtẹ̀wé, aya wọn ti kú, wọ́n sì ń dá gbé pẹ̀lú ajá kan, ajá ìbílẹ̀ pupa tí wọ́n ń pè ní Ṣùúrù. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Bàbá. Ó mú apá ọ̀tún wọn lọ, ó sì mú ọ̀rọ̀ lọ lẹ́nu wọn. Fúnmiláyọ̀ kó wá láti Abẹ́òkúta láti tọ́jú wọn, òun àti nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Ṣadé.

Fúnmiláyọ̀ ní, "Bàbá, ẹ wá bá mi mú ajá yìí lọ. Ó ti ya aláìgbọràn. Bí a bá fẹ́ fún Dádì lóúnjẹ, á ki orí bọ àárín. Á máa fa aṣọ mi. Á lọ síbí, á lọ sọ́hùn-ún. Dókítà ní kí ilé pa rọ́rọ́. Mi ò lè tọ́jú aláìsàn kí n tún máa bá ajá jà."

Ojú rẹ̀ wú. Ó ti pẹ́ tí kò sùn dáadáa. Mo ní, "Màdáámù, màá mú un lọ bí ẹ bá fẹ́. Ẹ kàn jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó tì wọ́n."

Mo jókòó. Bàbá wà lórí àga onírọ̀rí, ojú wọn mọ́lẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń jáde lẹ́nu wọn ju "ta, ta" lọ. Bí wọ́n bá sì ti gbìyànjú tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ wọn, omi á lé sí ojú wọn, wọ́n á yíjú. Ṣùúrù jókòó lẹ́bàá orúnkún wọn. Kò wò mí. Ojú Bàbá ló ń wò, bí ọmọléèwé ṣe ń wo pátákó.

Ṣadé gbé ògì wá. Ó fi ṣíbí kan sí wọn lẹ́nu, òmíràn tẹ̀ lé e. Ṣùúrù dìde, ó sì ki orí bọ àárín ọwọ́ Ṣadé àti ẹnu Bàbá.

Fúnmiláyọ̀ ní, "Ẹ wò ó. Ẹ ṣáà rí i báyìí."

Mo ti ya fídíò rẹ̀. Mo ní kí àwọn méjèèjì wá wò ó pẹ̀lú mi, mo sì ń dá a padà díẹ̀díẹ̀. Èmi kò rí ju pé ajá dìde lẹ́yìn tí ejìká Bàbá ta díẹ̀. Ṣadé ló rí ìyókù. Ó fa fóònù sún mọ́ ojú rẹ̀, ó ní, "Dúró ná. Wọn ò tíì gbé ti àkọ́kọ́ mì. Ó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún níbẹ̀, wọ́n sì sé èémí." Ó lọ yẹ ẹnu Bàbá wò, ó sì bá ògì níbẹ̀. Ó jókòó, ó ní, "Ọlọ́run má jẹ́. Ó lè gba ọ̀nà òdì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró." Láti ìgbà náà, Ṣadé ń fún wọn díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró, dókítà náà sì sọ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni kó máa ṣe é.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Ṣùúrù dìde, ó lọ sídìí fèrèsé, ó wẹ̀yìn wo Bàbá, ó padà wá, ó fa aṣọ Fúnmiláyọ̀. Mo ní, "Màdáámù, ẹ má lé e. Ibo ni ojú Bàbá wà?"

Ó wò wọ́n. Ojú Bàbá wà lára kọ́tìnnì. Fúnmiláyọ̀ kúnlẹ̀ síwájú wọn, ó ní, "Dádì, ṣé kọ́tìnnì ni ẹ fẹ́ ká ṣí?"

Bàbá di ojú, wọ́n sì là á. Ó lọ ṣí i. Ìmọ́lẹ̀ wọlé, igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé sì hàn. Bàbá mí kanlẹ̀. Fúnmiláyọ̀ gbé orí lé itan bàbá rẹ̀, ó sì sunkún débi pé mo jáde sí faráńdà.

Wọn kò tún sọ fún mi pé kí n mú ajá lọ. Mò ń lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. A fi ojú tí Bàbá ń dì tí wọ́n ń là ṣe bẹ́ẹ̀ ni, a fi ìka ọwọ́ òsì ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́. Kì í ṣe pé Ṣùúrù kì í ṣàṣìṣe. Nígbà mìíràn yóò sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wa á máa bi Bàbá pé ṣé ìta ni wọ́n fẹ́ lọ, wọ́n á máa fi ìka sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́, àṣé ajá fúnra rẹ̀ ló fẹ́ lọ tọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí èyí ṣẹlẹ̀ ni Bàbá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí àìsàn náà ti mú wọn. Fúnmiláyọ̀ ní òun kò mọ̀ pé ẹ̀rín kò nílò apá ọ̀tún.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí pé ṣé ajá gbọ́ èdè Yorùbá, màá ní ó gbọ́ díẹ̀: orúkọ rẹ̀, jókòó, wá, oúnjẹ, jáde, àti àwọn mìíràn bí ẹ bá ní sùúrù kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kọ́ ló gbára lé. Àwa la sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ajá ló gbà á gbọ́. Kò ní ohun mìíràn tó ń ṣe ju kó máa wo ẹni tó fẹ́ràn lọ, ohun tí èèyàn bá sì ń wò tọkàntọkàn kì í ṣàìyé e. Ọgbọ́n tó ní nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wa lè ní i, àyè rẹ̀ ni a kì í wá.

Bàbá Adéṣínà tún lo ọdún díẹ̀ sí i, wọ́n fi ọ̀pá rìn dé abẹ́ igi máńgòrò, kí wọ́n tó sinmi ní ìrọ̀rùn. Fúnmiláyọ̀ kò padà sí Abẹ́òkúta. Ó dúró sínú ilé náà pẹ̀lú Ṣùúrù, èmi náà kò sì dẹ́kun àtilọ, kódà nígbà tí mo ti fi gbogbo iṣẹ́ yòókù sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n orúnkún kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Láìpẹ́ yìí, dókítà ní kí n má ṣe mú ajá rìn mọ́. Mo wọkọ̀ lọ sí Òpébì láti lọ sọ fún Fúnmiláyọ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà lọ́nà. Nígbà tí mo dé, mo kí i, mo béèrè iṣẹ́, mo ní oòrùn mú gan-an lónìí. Mo na ọwọ́ sí okùn ajá lára ìkọ́ bí mo ṣe máa ń ṣe.

Ṣùúrù kò wá. Tẹ́lẹ̀, bí ọwọ́ mi bá ti kan okùn yẹn, á ti dé ẹnu ọ̀nà. Lọ́jọ́ yìí ó dúró láàárín pálọ̀, ó wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó rọra wá, ó sì jókòó lé mi lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀.

Fúnmiláyọ̀ wo ajá náà. Ó wá gbé ojú wò mí, ó wò mí dáadáa. Ó gba okùn náà lọ́wọ́ mi, ó fi í kọ́ padà, ó sì fa àga sún mọ́ mi.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jókòó kí ẹ tó sọ ọ́."